OHUN TÍ Ó DI ÌDÍ PÁÁLÍ MÚ

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá ni a mú wá lónìí. Ọ̀rọ̀ páálí ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi wá rẹ́rìn-ín, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ iye tí ó ná wa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan ní Wásinmi níhìn-ín, àbúrò ìyá wa tí wọ́n ń ta òróró ẹ̀pà ń múra àtikó ìgò òróró 12 lọ sí Abẹ́òkúta. Páálí àlòkù ni wọ́n rà láti fi kó wọn, a sì ti tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kí ó tó dé ọwọ́ wọn. Nítorí pé àwa ni akọ̀wé inú ilé, wọ́n pè wá kí a wá bá wọn tò ó padà. A jókòó, a ká etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó wà ní ìdí rẹ̀ bí gbogbo ènìyàn ti máa ń ká a: èkejì gun èkíní, ẹ̀kẹta gun èkejì, ẹ̀kẹrin gun ẹ̀kẹta, a sì ki orí ẹ̀kẹrin bọ abẹ́ èkíní. Ó dára lójú. A fi ọwọ́ gbá a, a ní, "Ìyá mi, ó ti dúró."

Wọ́n gbé e dé etí títì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé e sókè láti fi sínú ọkọ̀, ni ìdí páálí bá là. Ìgò 7 nínú 12 fọ́ sórí ọ̀dà. Ìyá wa wo òróró tí ń ṣàn lọ sínú kòtò, wọ́n wo ojú wa, wọn kò pariwo. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwé ni o kà, o kò ka páálí."

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ka páálí. A tú ti ọṣẹ, a tú ti oògùn, a tú ti tíì. Ohun tí a rí kọ́ kò ju ẹyọ kan lọ, òun náà sì ni èyí: ọ̀nà méjì ni a ń gbà di ẹrù. Ìdè kan wà tí ẹrù ń tú. Òmíràn sì wà tí ẹrù fúnra rẹ̀ ń mú le. Èyí tí a dì fún ìyá wa jẹ́ irú ti àkọ́kọ́. Etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a gùn lé ara wọn yẹn, ìtẹ̀kọ̀rọ̀ orí wọn nìkan ni ó fi di ara wọn mú. Bí ìwúwo bá ti tẹ̀ wọ́n láti inú wá, wọn yóò máa yọ̀ sí ìta díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀kan yóò fi bọ́. Bí ọ̀kan bá sì ti bọ́, àwọn mẹ́ta yòókù kò ní ohun tí wọn yóò dìmọ́ mọ́. Ó tó fún orí páálí, níbi tí ẹrù kò gbé tẹ ohunkóhun. Kò tó fún ìdí.

Àwọn ìyá wa mọ ìdè kejì kí páálí tó dé ilẹ̀ yìí. Ẹ wo ẹlẹ́kọ bí ó ti ń pọ́n ẹ̀kọ. Ó ká ewé bí àrọ, ó bu ẹ̀kọ gbígbóná sí i, ó ṣẹ́ etí ọ̀tún, ó ṣẹ́ etí òsì, lẹ́yìn náà ó ká ìrù ewé sẹ́yìn, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ jókòó lé ìrù náà. Kò lo okùn, kò lo àtè. Ìwúwo ẹ̀kọ ni ó tẹ ìrù ewé mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀kọ bá ti wúwo tó ni ewé ṣe dì tó. Ṣùgbọ́n ètò kò gbọdọ̀ yí. Ẹni tí ó bá ká ìrù kí ó tó ṣẹ́ etí, ẹ̀kọ yóò ṣàn sí i lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àpò sìmẹ́ǹtì. Ní Ewékorò, tí kò jìnnà sí wa, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Ẹni tí ó bá wo irú àpò bẹ́ẹ̀ dáadáa yóò rí i pé ní igun kan ni a fi ihò kékeré sí, tí ahọ́n kan sì wà nínú ihò náà. Ẹ̀rọ yóò ki ọ̀pá oníhò bọ ibẹ̀, yóò tú sìmẹ́ǹtì sínú rẹ̀, yóò sì yọ ọ̀pá. Kò sí ẹni tí yóò tún rán ẹnu àpò. Sìmẹ́ǹtì tí ó kún inú ni yóò ti ahọ́n náà pa, tí ẹrù fi di olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀.

Ó yẹ kí a bèèrè ibi tí páálí ti wá. Ní ayé àwọn bàbá wa, àpótí onígi ni a fi ń kó ọjà òkè òkun wá. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà ojú irin láti Èkó ní 1896, tí ó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá, tí a sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901, àpótí jíìnì àti àpótí kẹrosíìnì jẹ́ ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. A ń jókòó lé òfìfo wọn, a sì ń fi pákó wọn kan ilé adìẹ. Igi ni wọ́n, ìṣó ni a fi kàn wọ́n, wọ́n wúwo kí ọjà tó wọ inú wọn.

Àṣìṣe kan ni ó sọ páálí di ohun tí ó kárí ayé. Ọ̀gbẹ́ni Robert Gair, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí a bí ní 1839, ni ó ń ṣe àpò bébà ní ìlú New York. Ní 1879, bí ìtàn ti sọ, irin pẹlẹbẹ kan tí ó yẹ kí ó kàn tẹ ojú ìṣẹ́po sára bébà ga ju bí ó ti yẹ lọ; dípò kí ó tẹ bébà, ó gé e. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpò irúgbìn ni ó bàjẹ́. Ẹlòmíràn ì bá bínú lé òṣìṣẹ́ lọ, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Gair rò ó pé: bí irin gíga bá ń gé, tí irin kúkúrú sì ń tẹ̀, kí ló dé tí a kò lè to àwọn méjèèjì sínú ẹ̀rọ kan, kí ó gé páálí kí ó sì tẹ ojú ìṣẹ́po rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe. Láti ìgbà náà ni a ti lè ṣe páálí ní pẹlẹbẹ lọ́pọ̀lọpọ̀, kí a dì wọ́n jọ bí ìwé, kí a sì wá gbé wọn nàró nígbà tí ọjà bá fẹ́ wọ inú wọn.

Ní ti páálí nípọn tí inú rẹ̀ rí wínníwínní bí páànù òrùlé, orí fìlà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1856, Healey àti Allen gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi irú bébà bẹ́ẹ̀ ṣe inú fìlà gíga. Ní 1871, Albert Jones ní Amẹ́ríkà fi wé ìgò kí ó má bàa fọ́. Ní 1874 Oliver Long lẹ bébà pẹrẹsẹ mọ́ ọn kí ó lè le. Síbẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè Amẹ́ríkà kò fọkàn tán an. Owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹrù inú páálí ju ti inú àpótí igi lọ, títí di 1914, nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso ìrìnnà ọjà láàárín àwọn ìpínlẹ̀ wọn dá ẹjọ́ Pridham pé ìyàtọ̀ owó náà kò tọ́. Lẹ́yìn ìdájọ́ yìí ni páálí gba ipò àpótí igi.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹ̀rọ ti ń ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ wa kò mọ̀ ọ́n ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. A to páálí pẹlẹbẹ jọ sí iwájú ẹ̀rọ. Ẹnu rọ́bà kéékèèké tí ń fa afẹ́fẹ́ yóò mú ẹyọ kan, yóò fà á títí yóò fi la inú, yóò sì di ilé onígun mẹ́rin tí kò ní òrùlé tí kò sì ní ilẹ̀. Ẹ̀wọ̀n irin yóò gbé e máa lọ. Bí ó ti ń lọ, apá irin kan yóò ká etí kékeré méjèèjì wọlé. Lẹ́yìn èyí, etí ńlá yóò máa fara nu ọ̀pá irin kan tí a tẹ̀ kọ̀rọ̀. Ọ̀pá náà kò mì, ìrìn páálí ni ó ń mú kí etí náà máa sùn díẹ̀díẹ̀. Ní ìkẹyìn, apá mìíràn yóò ki ahọ́n bọ inú. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè ti páálí tí ó ju 100 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí etí kékeré bá pẹ́ díẹ̀, tí etí ńlá sì ṣáájú rẹ̀, páálí yóò fún pọ̀, gbogbo iṣẹ́ yóò sì dúró. Ètò ẹlẹ́kọ náà ni: etí kọ́kọ́, ìrù lẹ́yìn.

Ẹ lè rí i lọ́wọ́ ara yín. Ẹ mú páálí ọṣẹ ìfọyín kan, kí ẹ wo ahọ́n rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó rí ojú gígé kékeré kan ní ọ̀tún àti ọ̀kan ní òsì, níbi tí a gbé ṣẹ́ ahọ́n náà. Bí ẹ bá tì í wọlé tán, ẹ ó gbọ́ "tá". Etí kékeré méjèèjì ni ó há sínú ojú gígé wọ̀nyí. Páálí tí a ṣe láti gba ẹrù wúwo ní tirẹ̀ ní ìdí oníhò: etí ńlá kan ní ihò, etí ńlá kejì ní ahọ́n. Èyí tí ó ní ihò ni a kọ́kọ́ ká, lẹ́yìn rẹ̀ etí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lẹ́yìn náà ni a ki ahọ́n bọ ihò. Bí ẹrù ti ń tẹ̀ ẹ́ ni ahọ́n ń há sí i.

Ẹ̀rọ tí ó wú wa lórí jù ni èyí tí ń fi páálí kan ṣoṣo di ìgò mẹ́fà tàbí agolo mẹ́fà pọ̀. Ó da páálí bò wọ́n láti òkè, ó sì mú etí méjèèjì pàdé lábẹ́ wọn. Bí ó bá ti wọn síbẹ̀, ìgò yóò máa mì. Nítorí náà ìka irin yóò wọ inú ihò tí ó wà lára etí méjèèjì, yóò fà wọ́n súnmọ́ ara wọn bí ìgbà tí obìnrin ń fún ọ̀já mọ́ ọmọ lẹ́yìn. Ìgbà tí ó bá fún tán ni òmíràn yóò ti àwọn ahọ́n kéékèèké láti etí kan bọ inú ihò etí kejì. Kí a kọ́kọ́ fún un, kí a tó tì í: bí a bá yí i padà, ahọ́n kò ní bá ihò pàdé. A kò lo àtè, nítorí náà a kò dúró kí ó gbẹ. Ìgò tí ń fẹ́ bọ́ ni ó ń fa ahọ́n náà le.

Kí ni èrè gbogbo èyí fún ẹni tí ó ń tajà ní Wásinmi, ní Ìfọ̀ tàbí ní Ìtòrí? Àkọ́kọ́, bí páálí yín kò bá ní ahọ́n àti ihò, ẹ má gùn etí ìdí rẹ̀ lé ara wọn bí tiwa. Ẹ ká etí kékeré méjèèjì wọlé, kí ẹ ká ti ńlá méjèèjì bò wọ́n, kí ẹ sì fi sẹ́lótéèpù fífẹ̀ lẹ ojú ibi tí wọ́n gbé pàdé, kí ó gòkè díẹ̀ sí ara páálí níhà méjèèjì. Èkejì, bí ihò bá ti ya, páálí náà ti di ti ẹrù fúyẹ́. Ẹ̀kẹta, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ń ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù orí rẹ̀. Bí ẹ bá ń to páálí lé ara wọn, kí igun jókòó lé igun. Ẹ̀kẹrin, ọ̀rinrin ni ọ̀tá páálí. Ní àkókò òjò, ẹ tẹ́ pákó sábẹ́ rẹ̀. Èkarùn-ún, kí ẹni tí yóò gbé e fi ọwọ́ sí ìdí.

Àwa san owó ìgò 7 náà, bí ìyá wa kò tilẹ̀ bèèrè rẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e, a tún di páálí mìíràn gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ sókè yìí. Wọn kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu wa gbọ́. Wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n fi ìkúùkù tẹ ìdí rẹ̀ nígbà mẹ́ta, wọ́n tún gbé e dìde, wọ́n ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n tó gbà kí a to ìgò sí i. Ìgò 12 ni ó kúrò ní Wásinmi, ìgò 12 ni ó sì dé Abẹ́òkúta.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa bá mọ ọ̀nà tí ó sàn ju èyí lọ, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí wa. Ìyá wa ní páálí mẹ́ta tí wọn yóò dì ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.