Ẹ̀rọ Ìlagi Kò Mọ Ìyàtọ̀ Ìka àti Igi

Ẹni tí kò bá gbé ìhà òkè ìpínlẹ̀ New York rí lè rò pé wọn kì í dáná igi mọ́ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń dá a o. Ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí mi ká, sítóòfù onígi ló ń mú ọ̀pọ̀ ilé gbóná láti ìgbà tí ewé bá ti ń wọ́ títí yìnyín yóò fi yọ́ tán. Cord ni wọ́n fi ń wọn igi níbí: òkìtì tí wọ́n tò ní ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn, 4 ní ìbú, 4 ní gíga. Ilé tó bá gbójú lé igi nìkan lè sun cord mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí òtútù tó lọ. Apá wo ló fẹ́ fi àáké la gbogbo ìyẹn? Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ ìlagi fi wà lẹ́yìnkùlé àìmọye èèyàn. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ti ra ilé síbí náà ń rà á, àwọn mìíràn sì ń háyà rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá bó bá bàjẹ́. Iṣẹ́ mẹkáníìkì katapílà ni mo kọ́ n'Íbàdàn; níbí, àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń fi ọ́ìlì ṣagbára ni mo ń tún ṣe. Nínú gbogbo ohun tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀rọ ìlagi ni mo fi ń kìlọ̀ fún àwọn èèyàn jù, nítorí pé kò jọ ohun tó lè ṣe èèyàn léṣe. Ayùn oníná ń pariwo, ó ń gbọ̀n, tọmọdé tàgbà ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ̀rọ ìlagi ní tirẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́, ìrìn jẹ́jẹ́ yẹn ló sì ń tan èèyàn jẹ. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ síhìn-ín, ẹ má gbàgbé òfin kan yìí: ẹni tó gbé igi sórí ẹ̀rọ ni kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ọ̀pá ìdarí.

Ibi tí agbára rẹ̀ ti ń wá

Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàlàyé ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún: bí a bá sé ohun olómi mọ́ ibi tí kò ti lè jáde, tí a wá tẹ̀ ẹ́ níbì kan, agbára yẹn yóò dé gbogbo ibi tí omi náà wà. Joseph Bramah, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ ní 1795 lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀ǹkan tó lo ọgbọ́n yìí. Ọgbọ́n yìí náà ló wà nínú jáàkì tí mẹkáníìkì fi ń gbé ọkọ̀, nínú típà tó ń da yẹ̀pẹ̀, àti nínú apá katapílà.

Lára ẹ̀rọ ìlagi, ẹ́ńjìnnì ń yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù ń fa ọ́ìlì láti inú táǹkì, ó ń tì í gba inú fáàfù wọ sílíńdà, ọ́ìlì á wá máa ti písítìnì. Písítìnì yìí ló ń ti igi àti irin olójú àáké mọ́ra títí igi yóò fi là. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí inú sílíńdà bá fẹ̀ ní íǹṣì 4, ojú písítìnì á lé díẹ̀ ní íǹṣì onígun-mẹ́rin 12½. Bí ọ́ìlì bá ń fi agbára pọ́ùn 3,000 ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àpapọ̀ rẹ̀ á lé ní pọ́ùn 37,000, ìyẹn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 19 ti Amẹ́ríkà. Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ tọ́ọ̀nù 27 sára ẹ̀rọ tí sílíńdà rẹ̀ kò ju íǹṣì 4 lọ, ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Ìpele méjì ni pọ́ǹpù rẹ̀ sábà máa ń ní. Bí ohunkóhun kò bá dènà písítìnì, pọ́ǹpù á máa tú ọ́ìlì púpọ̀ jáde pẹ̀lú agbára díẹ̀, písítìnì á sì yára. Bí písítìnì bá kan igi líle, pọ́ǹpù á yí ara rẹ̀ padà: ọ́ìlì díẹ̀, agbára ńlá. Òun lẹ ń gbọ́ nígbà tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ki. Agbára tó ń la igi oak nígbà náà, eegun èèyàn kò lè dá a dúró.

Èèyàn kan, ọwọ́ méjì

Oníbàárà mi kan àti àbúrò rẹ̀ jọ ń lagi. Ẹ̀gbọ́n ń gbé igi sí i, àbúrò ń tẹ ọ̀pá. Iṣẹ́ ń yá, ọwọ́ wọn ti wọ̀ ọ́. Igi kan yẹ̀, ẹ̀gbọ́n nawọ́ láti tún un gbé. Àbúrò rò pé ó ti ṣe tán, ó tẹ ọ̀pá. Ìka méjì ló bá a lọ. Àbúrò náà kì í ṣe aláìbìkítà. Ọwọ́ ẹnì kan ló wà lẹ́nu irin, ọ̀pá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ìjàǹbá ẹ̀rọ yìí ṣe sábà ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n máa ń ṣe é kí oníṣẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ọ̀pá kí ẹ̀rọ tó lè ṣiṣẹ́. Bí ó bá gbé ọwọ́ kan kúrò, písítìnì á dúró. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló wà lára ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, nítorí náà ìkóra-ẹni-níjàánu nìkan ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó máa kó igi wá sí tòsí, kó sì máa to èyí tó ti là. Kó má fọwọ́ kan ọ̀pá. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ rárá.

Ẹ̀gbẹ́ igi ni kí ẹ ti dì í mú, kì í ṣe orí tàbí ìdí rẹ̀, torí pé orí àti ìdí ni irin ti ń pàdé rẹ̀. Ẹ gé e kí ojú méjèèjì tẹ́, kó má baà yọ̀. Ẹyọ kan ni kí ẹ máa là lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má ṣe fi igi dábùú láé: igi tí ẹ bá là lódì sí bí ó ṣe hù lè fọ́ yángá, kó sì ta síni lójú. Igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ wọ gíláàsì ààbò kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ wọ bàtà tí irin wà nímú rẹ̀, kí ẹ dí etí yín, kí ẹ sì wọ aṣọ tó mọ́ ara. Apá aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ àti ìkàfù kò sí níbẹ̀.

Igi ash ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa báyìí. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní emerald ash borer, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Amẹ́ríkà ní ìpínlẹ̀ Michigan ní 2002, ti pa ọ̀kẹ́ àìmọye nínú wọn. Nítorí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ni òfin New York ṣe sọ pé ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé igi ìdáná tí wọn kò fi ooru yan kọjá máìlì 50 síbi tí wọ́n ti gé e. Ash ń là wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́ yẹn ló ń mú kí èèyàn máa sáré. Elm kò rí bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ lọ́ mọ́ra. Bó bá há sẹ́nu irin, ẹ dá písítìnì padà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ọ́ìlì tó ń wọ ara

Ewu kejì, ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ pé ó wà. Bí họ́ọ̀sì bá lu ihò bíi ti abẹ́rẹ́, ọ́ìlì tó ń jáde níbẹ̀ lè wọ inú ara. Pọ́ùn 100 lórí íǹṣì kan ti tó láti gún awọ ara; ẹ rántí pé 3,000 la ń sọ. Ojú egbò náà á kéré, ó sì lè má dunni púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọ́ìlì yóò ti máa ba ẹran jẹ́ nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí kò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ kejì. Kó lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kó sì sọ fún dókítà pé ọ́ìlì alágbára ló wọ òun lára, torí iṣẹ́ abẹ ló máa ń gbà. Àwọn tó jáfara ti pàdánù ọwọ́.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọwọ́ wá ibi tó ń jò. Páálí ni kí ẹ fi yẹ họ́ọ̀sì wò. Ọ́ìlì á hàn lára rẹ̀. Kí ẹ tó tú ìsopọ̀ kankan, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ ti ọ̀pá síwá sẹ́yìn kí agbára tó kù nínú rẹ̀ lè tú, kí ẹ sì yọ wáyà plọ́ọ̀gì.

Ìtọ́jú rẹ̀

Ẹ máa yẹ ọ́ìlì wò lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, nígbà tí písítìnì bá ti wọlé tán. AW 32 tàbí AW 46 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń lò. Ìwé tó bá tiyín wá ni yóò sọ èyí tó tọ́. Ọ́ìlì tó funfun bíi mílíìkì ti ní omi nínú. Èyí tó ń hó ń fa atẹ́gùn. Bí pọ́ǹpù bá ń han, ẹ pa á: ó ṣeé ṣe kí ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ tàbí kí nǹkan dí ọ̀nà rẹ̀. Pọ́ǹpù tí wọ́n ń fipá lò báyìí kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ẹ pààrọ̀ fíítà àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bí ìwé bá ṣe là á sílẹ̀. Họ́ọ̀sì tí wáyà inú rẹ̀ bá ti hàn, ẹ yọ ọ́ dànù. Ẹ má fi téèpù wé e. Fáàfù tó ń tú agbára àpọ̀jù sílẹ̀, ẹ má fún un pọ̀ torí kí ẹ̀rọ lè lágbára sí i. Mo ti rí sílíńdà tó ya nítorí èyí. Bí òtútù bá mú, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó gbé igi sí i, torí ọ́ìlì ti ki. Ìta gbangba ni kí ẹ ti máa lò ó, kì í ṣe inú gáréèjì, nítorí èéfín carbon monoxide tí kò láwọ̀, tí kò ní òórùn, tó sì ń pani. Bí petiróòlù bá tán, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kí ẹ tó rọ òmíràn.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tó wà nídìí típà, jáàkì àti katapílà nílé, ọ̀rọ̀ yín náà ni mo ń sọ. Irú ọ́ìlì kan náà ló wà nínú tiyín, irú họ́ọ̀sì kan náà ló sì ń bẹ́. Ẹ máa fi páálí yẹ ẹ́ wò.

Ẹ̀yin tó ní ẹ̀rọ ìlagi, ẹ ka ìwé rẹ̀ kí òtútù tó dé, kí ẹ yẹ gbogbo họ́ọ̀sì rẹ̀ wò. Bí ará tàbí ọ̀rẹ́ bá wá ràn yín lọ́wọ́, ẹ sọ fún un tìfẹ́tìfẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ tẹ ọ̀pá ìdarí.