Abẹnugan àti Àwọn Ará Chorley

Bí a bá gbọ́ pé aṣòfin kan padà sí àga rẹ̀ láìsí alátakò gbòógì kan, èrú ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn wa. A kò sì jẹ̀bi. Àwọn àgbà tí ó rántí ìbò oṣù Kejìlá ọdún 1964 mọ bí a ti kéde ọ̀pọ̀ olùdíje pé wọ́n wọlé láìsí alátakò, tí àwọn ẹgbẹ́ kejì sì ń ké pé a dí àwọn lọ́nà. Ṣùgbọ́n ní ìlú Ọba, níbi tí a ti kọ́ ìṣe Ilé Aṣòfin, irú rẹ̀ mìíràn wà tí kò ní màgòmágó nínú, tí ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ni gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú wa.

Ẹni tí a bá yàn ní Abẹnugan Ilé Kọ́mọ́ǹsì bọ́ ẹ̀wù ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kì í bá wọn jiyàn, kì í sì í dìbò àfi bí ìhà méjèèjì bá dọ́gba. Nítorí èyí, àwọn ẹgbẹ́ ńlá kì í sábà fa ènìyàn kalẹ̀ láti bá a du àga ní àdúgbò rẹ̀. Àṣà ni, kì í ṣe òfin: ẹgbẹ́ Labour bá Abẹnugan Fitzroy díje ní Daventry ní 1935, wọ́n sì tún bá Hylton-Foster díje ní 1964.

Ìbò gbogbogbòò mẹ́ta, 2010, 2015 àti 2017, ni àwọn ará Buckingham dì lábẹ́ Abẹnugan John Bercow láìrí orúkọ Conservative, Labour tàbí Liberal Democrat nínú ìwé ìbò. Ní 2010, Nigel Farage ti ẹgbẹ́ kékeré UKIP dojú kọ ọ́. Ipò kẹta ni ó bọ́ sí. (Ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí ó wọ̀ já lulẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ ìbò, ṣùgbọ́n orí kó o yọ.) Bercow wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbò rẹ̀ kò tó ìdajì. Ọ̀dọ́ tí ó pé ọmọ ọdún 18 nígbà náà ti di ẹni ọdún 27 kí àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó padà wá tọrọ ìbò rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Ìbò yẹn kan náà ni ẹrù bọ́ sí orí àwọn ará Chorley, nítorí aṣojú wọn, Lindsay Hoyle, ọmọ ẹgbẹ́ Labour tẹ́lẹ̀ rí, ni ó ti gorí àga. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí fún wọn ní 2024.

Àwa kò sọ pé àṣà yìí burú. Bí ẹni tí ń la ìjà bá ní láti wo ojú àwọn tí ń jà kí ó tó lè padà sí àga rẹ̀, òótọ́ yóò nira fún un láti sọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀ ni ó ń jẹ oúnjẹ náà, ilé kan ṣoṣo ni ó ń dá owó ọbẹ̀.

Ní tiwa, Abẹnugan kì í bọ́ ẹ̀wù ẹgbẹ́. Abẹ́ àsíá PDP ni Dimeji Bankole ti ṣe Abẹnugan Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá láti 2007, abẹ́ àsíá kan náà ni ó sì ti padà wá tọrọ ìbò ní Gúúsù Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹrin ọdún 2011. Olùdíje ACN ni àwọn ará ilé yàn dípò rẹ̀. Àṣẹ tí wọ́n lò lọ́jọ́ náà, ará Chorley kan kò ní irú rẹ̀, bí ó ti wù kí Ilé tí aṣojú rẹ̀ ń darí tòrò tó.