Iná Kékeré, Ẹ̀mí Púpọ̀

Ẹ̀yin òbí wa nínú Islam, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń kó ẹbí láti Kánò àti Kàdúná lọ sílé fún ọdún Iléyá. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lóru, iná ìkìlọ̀ LED tí a so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ a máa gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe so ó?

Bátìrì ọkọ̀ jẹ́ volt 12. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó lè tó 14. Ẹyọ LED pupa lásán kò nílò ju nǹkan bíi volt 2 lọ. Bí kò bá sí resistor tí yóò dín agbára náà kù, yóò jó.

Ewu tí ó tóbi jù ni wáyà tí a fà láti bátìrì láìsí fíúùsì. Bí ara wáyà bá bó, tí ó kan irin ọkọ̀, yóò gbóná, iná lè ràn. Fíúùsì tí ó wà nítòsí bátìrì ni yóò kọ́kọ́ já. Ẹ má ṣe gbà kí rewáyà fi wáyà lásán dípò rẹ̀.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé mímú ìnira kúrò lójú ọ̀nà wà lára ìgbàgbọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú un kúrò nínú ọkọ̀ tí àwọn ọmọ wa jókòó sí. Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ wa. Àmín.