Ẹ̀bùn Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Akọ̀ròyìn ní Agbègbè Ìkẹjà àti Agége: Ipa Olùkọ́ Èdè

Ìfáárà

Bí ènìyàn bá gba òpópónà Ọba Àkran ní Ìkẹjà, tí ó sì forí lé Ògbà àti Agége, ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì. Àwọn kan ń pọn ọtí, àwọn kan ń ṣe oúnjẹ, àwọn mìíràn ń ṣe oògùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí ni pé ìròyìn náà wà lára ohun tí agbègbè yìí ń ṣe jáde. Agídíngbì ni Daily Times kó lọ nígbà tí ó kúrò ní erékùṣù Èkó. Òrègùn ni Newswatch fìdí sọlẹ̀ sí ní ọdún 1985. Ìkẹjà ni Punch wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kó lọ sí ìpínlẹ̀ Ògùn. Ògbà ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn akọ̀ròyìn, Nigerian Institute of Journalism, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1971, wà.

Iṣẹ́ akọ̀ròyìn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti òṣìṣẹ́ tí ó dúró ti ẹ̀rọ. Ìròyìn òní kò gbọdọ̀ di ọ̀la, bí ti òní bá sì ti jáde, ti ọ̀la ti ń kanlẹ̀kùn. Owó nìkan kọ́ ni ó ń wọ́n irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àyè láti kẹ́kọ̀ọ́ ni ó wọ́n jù. Àìní yìí ni ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ wà fún.

Ìtumọ̀ àti Oríṣi

Ó yẹ kí a ya ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955, nígbà tí Ìkẹjà àti Agége ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, jẹ́ ti gbogbo ọmọ. Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. A máa ń díje fún un ni, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì jẹ́rìí gbè é ni wọ́n ń yàn.

Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni sìkọ́láṣíìpù, èyí tí ń sanwó ẹ̀kọ́ fún ẹni tí yóò gboyè. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Chevening tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Ó ń gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ oyè Másítà fún ọdún kan, ẹni tí ó bá sì jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún ọdún méjì ó kéré tán.

Èkejì ni fẹ́lóṣíìpù, tí ó wà fún ẹni tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tí Nieman ń ṣe ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ti wà láti ọdún 1938. Kò sí oyè ní òpin rẹ̀. Akọ̀ròyìn tí ó ti lo ọdún márùn-ún ó kéré tán lẹ́nu iṣẹ́ yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún sáà ẹ̀kọ́ kan, yóò sì yan ẹ̀kọ́ tí ó bá wù ú. Sunday Dare, tí ó bá ìwé ìròyìn The News ṣiṣẹ́, wà lára àwọn tí ó lọ ní sáà 2000 sí 2001. Nílé níbí, Wole Soyinka Centre for Investigative Journalism, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, ń fún àwọn tí ó bá tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ ní àmì-ẹ̀yẹ, ó sì ń kọ́ àwọn akọ̀ròyìn obìnrin ní iṣẹ́ aṣáájú.

Àpẹẹrẹ Kan: Délé Olójèdè

Délé Olójèdè, ọmọ Modákẹ́kẹ́, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní National Concord ní ọdún 1982, ó sì wà lára àwọn akọ̀ròyìn tí ó bẹ̀rẹ̀ Newswatch. Níbẹ̀ ni ó ti ṣe ìwádìí lórí ẹ̀wọ̀n tí wọ́n rán Fẹlá Aníkúlápó Kútì. Ìròyìn náà wà lára ohun tí ó mú kí Fẹlá gba ìtúsílẹ̀ ní ọdún 1986. Ní ọjọ́ 19, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún kan náà, bọ́ǹbù tí wọ́n dì bíi lẹ́tà pa Délé Gíwá, olóòtú àgbà Newswatch, nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà.

Ní ọdún 1987, Ford Foundation fún Olójèdè ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, ó sì lọ gboyè Másítà ní Yunifásítì Columbia ní New York. Lẹ́yìn èyí ni ó dara pọ̀ mọ́ ìwé ìròyìn Newsday. Ní ọdún 2005, ó gba ẹ̀bùn Pulitzer fún ìròyìn tí ó kọ nípa Rwanda, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìpakúpa ibẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn yìí. Ìkínní, iṣẹ́ ni ó ṣáájú ẹ̀bùn. Ìkẹjà ni ó ti kọ ohun tí ó sọ ọ́ di ẹni yíyàn. Ìkejì, ilé-iṣẹ́ tí ó ti pàdánù olóòtú rẹ̀ tún pàdánù ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn kan láàárín ọdún kan. Òótọ́ ni pé Olójèdè padà wá dá ìwé ìròyìn NEXT sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí ó ń jáde láti ọdún 2009 títí di 2011. Síbẹ̀, nǹkan bí ogún ọdún ti kọjá láàárín àlọ àti àbọ̀ rẹ̀. Ẹ̀bùn tí ó ń gbé ènìyàn ga lè dá àlàfo sílẹ̀ ní ilé tí ó ti jáde. Ìdí nìyí tí òfin ìpadàbọ̀ bíi ti Chevening fi ní ìtumọ̀.

Ipa Olùkọ́ Èdè

Ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni iṣẹ́ tí a ti tẹ̀ jáde, ìwé ìjẹ́rìí, àlàyé ara ẹni àti ètò ẹ̀kọ́. Èdè ni ó gbé gbogbo wọn dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ọ́ pé òun fẹ́ mọ̀ nípa àyíká kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé òun fẹ́ tọpa omi ẹ̀gbin tí ń ti ilé-iṣẹ́ ṣàn wọ gọ́tà àdúgbò, tí ó dárúkọ àwọn tí ó ń pa lára, tí ó sì sọ pé òun kò tíì mọ bí a ti ń ka èsì àyẹ̀wò omi, ti jẹ́ kí a mọ ìdí tí òun fi nílò ẹ̀kọ́.

Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá ní ipa pàtàkì mìíràn. Láti ìgbà Ìwé Ìròyìn ti Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, títí dé orí Alárọ̀yé tí ó ń jáde láti ọdún 1996 àti BBC Yorùbá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018, Yorùbá kò yé jẹ́ èdè ìròyìn. Àwọn ètò kan ń gba iṣẹ́ tí a fi èdè mìíràn kọ, bí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ti bá a rìn. Bí ìtumọ̀ náà kò bá dára, iṣẹ́ gidi lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú adájọ́. Ògbufọ̀ tí a ń kọ́ ní kíláàsì di irinṣẹ́ níbí.

Olùkọ́ gbọ́dọ̀ kìlọ̀ pẹ̀lú. Nieman àti Chevening kì í gba owó fọ́ọ̀mù. Ẹni tí ó bá ń béèrè owó kí ó tó fi ẹ̀bùn lọni, kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ìgúnlẹ̀

Àyè ni ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ń fún akọ̀ròyìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ti ṣe sílẹ̀ ni ó ń fi gba àyè náà. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa tọ́jú gbogbo ohun tí ó bá kọ, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó jáde, kí ó sì máa túmọ̀ ọ̀kan, ó kéré tán, ní sáà kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ìtọ́sọ́nà olùkọ́. Nígbà tí ìkéde bá jáde, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ohun tí yóò fi ránṣẹ́. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.