Ohun Tí Ó Bá Mi Aago, Á Mi Ọwọ́

Ẹni tí ó bá ń gbé ní àyíká Bárékè Ọ̀jọ́, yálà lápá Ìbà tàbí lápá Òkokomáikò, kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó mọ̀ pé òjò ti dé. Koríko ni yóò ta á lólobó. Ilẹ̀ wa níhìn-ín kò jìnnà sí ọ̀sà, omi sì súnmọ́ ojú ilẹ̀. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù keje, koríko tí a gé ní Sátidé yìí, kí Sátidé mìíràn tó pé, ó ti tún gbérí. Bí a bá sì fi í sílẹ̀, ejò àti ẹ̀fọn ni yóò gba àyíká lọ́wọ́ wa.

Nígbà tí ìjọba Èkó ṣì ń sé wa mọ́lé fún ìmọ́tótó ní Sátidé tí ó gbẹ̀yìn oṣù, kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2016, ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń gé koríko. Òfin lọ, koríko kò lọ. Títí di òní, bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, ariwo ẹ̀rọ ni ẹ ó máa gbọ́ láti ojúlé dé ojúlé. Bí àwọn ọkùnrin bá sì parí, tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi láti mu omi, àríyànjiyàn méjì ni kì í tán lẹ́nu wọn: ẹ̀rọ wo ni ó dára jù, àti pé aago wo ni ó yẹ kí ènìyàn wọ̀ sọ́wọ́ nígbà tí ó bá ń gé koríko.

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí, olùkọ́ ni mí. Mo ti bá wọn jiyàn náà títí, kí n tó gba ẹ̀kọ́ tí ó pa mí lẹ́nu mọ́. Ẹ̀kọ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

TA NI ỌBA NÍNÚ WỌN?

Ẹni tí ó bá kàwé ní orílẹ̀-èdè yìí kò lè sọ pé òun kò mọ lángalánga, irin pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ lórí, tí ó ti pọ́n ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ọwọ́. Kò mu epo, kò pariwo, kò sì sí ibi kọ́lọ́fín tí kò lè dé. Ṣùgbọ́n ìbàdí ni ó ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn òyìnbó pàápàá, dòjé gígùn ni wọ́n fi ń gé koríko tiwọn kí ó tó di 1830. Ní ọdún náà ni Ọ̀gbẹ́ni Edwin Budding, ará agbègbè Stroud ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ ìgékoríko àkọ́kọ́. Ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ onírun ni ó ti rí ọgbọ́n náà. Ó rí ẹ̀rọ tí ń yípo, tí ń rẹ́ irun tí ó yọ sí ojú aṣọ kí ó lè jọ̀lọ̀, ó sì wí nínú ara rẹ̀ pé ohun tí ó lè rẹ́ irun aṣọ lè rẹ́ irun ilẹ̀. Irú ẹ̀rọ Budding ṣì wà, èyí tí a ń fi ọwọ́ tì lásán tí abẹ rẹ̀ ń yípo bí a ti ń tì í. Ó dára fún koríko kúkúrú lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Bí ẹ bá gbé e dé ojú koríko Ọ̀jọ́ ní oṣù kẹfà, kò ní lè rìn.

Ẹ̀rọ onítáyà mẹ́rin tí ó ní ẹ́ńjìnnì tẹ̀ lé e. Abẹ rẹ̀ wà lábẹ́, a bò ó mọ́lẹ̀ bí ìkòkò, táyà ni ó sì ń ru ìwúwo rẹ̀. Iwájú ilé tí ó tẹ́jú ni ti rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó gba ọjà lọ́dọ̀ wa ni àgbékọ́jìká, ọ̀pá gígùn tí ẹ́ńjìnnì wà ní ìdí rẹ̀, tí abẹ tàbí okùn ọ̀rá ń yípo ní orí rẹ̀. Ti okùn yìí, ará Houston ní Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ George Ballas ni ó gbé e jáde ní 1971. Ó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ ti ń fọ ọkọ̀, ó rí bí búrọ́ọ̀ṣì tí ń yípo ṣe ń tú irun rẹ̀ ká láti nu ara ọkọ̀. Nígbà tí ó délé, ó mú agolo gúgúrú, ó fi okùn ìpẹja há a lára, ó sì so ó mọ́ ohun tí ń yí. Àgbékọ́jìká wọ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, ó wọ ìdí ògiri, ó gé koríko gíga, omi kò sì dí i lọ́wọ́. Òun ni èmi náà rà, tòkunbọ̀ ni. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi.

AAGO BÀBÁ MI

Bàbá mi fi iṣẹ́ olùkọ́ni dàgbà, ó fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí ó fi sílẹ̀ fún mi kò pọ̀: ìwé, aṣọ òkè kan, àti aago ọrùn-ọwọ́ kan. Aago náà jẹ́ irú èyí tí a kì í yí, tí kì í sì í lo bátìrì. Mímì ọwọ́ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ni ó ń fún un lágbára. Ọ̀gbẹ́ni John Harwood, ará Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gba ìwé àṣẹ fún irú rẹ̀ ní Switzerland ní 1924.

Mo wá ro ó pé, bí mímì ọwọ́ bá ni oúnjẹ aago yìí, kí ni ó tún lè dára fún un ju ẹ̀rọ ìgékoríko lọ? Mo tilẹ̀ ń fi ṣakọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi. Sátidé mẹ́rin tẹ̀ léra ni mo fi í sọ́wọ́ gé koríko. Ní ìkarùn-ún, mo gbọ́ ohun kan tí ń ha nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, aago bàbá mi dákẹ́.

Òǹkàwé mi, ẹni tí bàbá rẹ̀ ti lọ ni yóò mọ bí ó ti rí lára mi. N kò lè jẹun alẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tí ń tún aago ṣe lábẹ́ agboòrùn ní Òkokomáikò. Bàbá fi awò há ojú kan, ó ṣí ẹ̀yìn aago, ó wò ó títí.

Ó ní, "Tíṣà, irú iṣẹ́ wo lẹ fi aago yìí ṣe?"

Mo ní, "Bàbá, mo kàn fi gé koríko ni."

Ó ní, "Pẹ̀lú àdá àbí pẹ̀lú ẹ̀rọ?"

Mo ní, "Pẹ̀lú ẹ̀rọ ni, sà."

Bàbá mi orí. Ó fi hàn mí pé skúrù kékeré kan ti tú, irin tí ń yí bí ọwọ́ bá mì sì ti ń ha ara aago. Ó ní kẹ̀kẹ́ wínníwínní kan wà nínú irú aago báyìí, tí ń lọ tí ń bọ̀. Òun ni ó ń ka àkókò. Nínú àwọn aago àtijọ́, ó ń lù ní ìgbà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú àwọn mìíràn ìgbà 6, nínú àwọn mìíràn ìgbà 8. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ bí olùkọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 100 ni ó ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń mi ọ̀pá tí ẹ dì mú bí ó ti ń yí. Ọwọ́ ènìyàn tí ń fì bí ó ti ń rìn ni a ṣe aago yẹn fún. A kò ṣe é fún èyí.

Ó bá mi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó sọ nígbà tí ó ń gba owó ni kò kúrò létí mi. Ó ní, "Tíṣà, aago ní skúrù, mo ti dè é. Ọwọ́ tí ó wọ aago ńkọ́? Ta ni yóò dè é?"

ÌKA TÍ Ń KÚ

N kò kọ́kọ́ mọ ohun tí bàbá ń wí. Ọmọkùnrin kan tí ń gé koríko káàkiri Ìyànà-Ìbà ni ó jẹ́ kí ó yé mi. Ó wá bá mi ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo san owó rẹ̀, ó ń kà á, ó tún un kà, ó tún fi ahọ́n tọ́ ìka. Mo bi í pé kí ló dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Ìka mi kì í mọ̀ mọ́ bí owó méjì bá lẹ̀ mọ́ ara wọn."

Àyà mi là gààrà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlélógún!

Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1918, Dókítà Alice Hamilton, obìnrin oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, lọ sí Bedford ní ìpínlẹ̀ Indiana láti yẹ àwọn tí ń gbẹ́ òkúta wò. Òòlù tí afẹ́fẹ́ ń tì ni wọ́n ń lò. Ó rí i pé ìka wọn ń funfun, ó ń kú tipiri, pàápàá nígbà òtútù, àti pé mímì òòlù náà ni ó fà á. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ẹ̀rọ tí ń mì, bí a bá dì í mú fún wákàtí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, ó lè ba ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ìka àti iṣan tí ìka fi ń mọ nǹkan jẹ́. Bí a bá tètè dín iṣẹ́ náà kù, ó lè rọlẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí ó wọra, ó lè má lọ mọ́. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá ń kú tàbí tí ó ń ta wínríwínrí, ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ, kí ó má ṣe fi àdí nìkan pa á.

AAGO WO NI KÍ Á WỌ̀?

Ìdáhùn tí mo ní fún àríyànjiyàn abẹ́ igi nìyí. Ẹ wọ aago, ṣùgbọ́n kí aago náà wà fún iṣẹ́, kí ó má wà fún àṣehàn. Àwọn sójà ni wọ́n kọ́ ayé ní èyí. Kí ogun 1914 sí 1918 tó dé, àpò ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin òyìnbó ń fi aago sí. Wọ́n ní ti obìnrin ni ti ọrùn-ọwọ́. Nígbà tí ó di pé kí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun dìde ní ìṣẹ́jú kan náà, tí ìbọn sì wà lọ́wọ́, wọ́n so aago mọ́ ọrùn-ọwọ́.

Fún koríko, aago oníbátìrì tí ń fi nọ́ńbà hàn, tí okùn rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, ni ó dára jù. Kò ní kẹ̀kẹ́ tí ń lọ tí ń bọ̀ nínú. Òkúta wínníwínní kan tí ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó ń ka àkókò. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn alágbára wọn ni G-Shock ti Casio. Ọ̀gbẹ́ni Kikuo Ibe ará Jàpáànù ni ó ṣe é, nítorí pé aago tí bàbá rẹ̀ fún un já bọ́, ó sì fọ́. Ó ju igba lọ tí ó ṣe dánwò kí èyí tí kì í fọ́ tó jáde ní 1983. Nígbà tí mo ka ìtàn yìí, mo ní, ẹgbẹ́ mi rèé! Ṣùgbọ́n kò di dandan kí ẹ ra olówó ńlá. Èyí tí kò ní dùn yín bí ó bá bàjẹ́ náà tó. Ẹ má ṣe wọ aago onírin tí ó tú sílẹ̀ tàbí òrùka, kí wọ́n má baà há mọ́ ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí aago náà sọ ìgbà ìsinmi fún yín: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún iṣẹ́, ìsinmi díẹ̀, kí ẹ na ìka, kí ẹ̀jẹ̀ rìn. Ẹ má ṣe di ọ̀pá mú bí ẹni tí ń di olè mú. Bí abẹ bá kú tàbí tí skúrù bá tú, mímì rẹ̀ yóò pọ̀ sí i, nítorí náà ẹ tún un ṣe. Ẹ po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù bí ìwé ẹ̀rọ ti wí. Ẹ kó àwọn ọmọdé jìnnà tó mítà 15, nítorí òkúta tí abẹ bá ta kò mọ ojú olówó yàtọ̀ sí ojú tálákà. Ẹ wọ awò ojú àti bàtà líle, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó fọwọ́ kan koríko tí ó lọ́ mọ́ abẹ.

Mo ra aago rọ́bà kan fún ọmọkùnrin náà. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó wá sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ fún mi. Ó ní, "Tíṣà, bí mo bá ń sinmi bí ẹ ti wí, ilé mẹ́ta ni mo lè gé lójúmọ́ dípò mẹ́rin. Àwọn tó ni ilé á sì máa pariwo pé mò ń fi àkókò wọn ṣòfò." N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Èmi náà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rí, tí mò ń bi í pé, "Ṣé o ò tíì parí ni?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi díẹ̀ kún owó tí mò ń san fún un, n kò sì kánjú rẹ̀ mọ́. Mo bẹ ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Aago bàbá mi wà nínú àpótí, ìpàdé àti ìnáwó ni mò ń wọ̀ ọ́ lọ. Bí ó bá tún dákẹ́, mo mọ ẹni tí yóò tún un ṣe lábẹ́ agboòrùn. Ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ kò ní ẹni tí ń tún un ṣe lábẹ́ agboòrùn.