Iṣẹ́ Tó Ju Rírán Ọkàn Lọ

Ọkàn ni àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ fi ń rántí Ludwig Rehn, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní ọdún 1849, tó sì kú ní 1930. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1896, nílùú Frankfurt, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 22 kan wà níwájú rẹ̀ tó ń kú lọ. Wọ́n ti gún un lọ́bẹ láyà láti ọjọ́ méjì. Rehn la àyà rẹ̀, ó rí ojú ọgbẹ́ lára ọkàn tó ṣì ń lù, ó sì fi òwú sílíìkì rán an ní ojú mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ dá, ọ̀dọ́ náà sì yè. Axel Cappelen ti gbìyànjú irú rẹ̀ ní Norway lọ́dún 1895, ṣùgbọ́n aláìsàn rẹ̀ kú. Nítorí náà, ìyìn tọ́ sí Rehn. Síbẹ̀, mo gbà pé ohun tó sọ ní ọdún kan ṣáájú, tí kò pariwo rárá, ló tóbi jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Ní 1895, ó sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun rí kókó inú àpò ìtọ̀ lára àwọn ọkùnrin tó ń ṣe aró pupa tí wọ́n ń pè ní fuchsin. Mẹ́ta ni wọ́n, nínú òṣìṣẹ́ bíi 45. Ẹlòmíràn ì bá yọ kókó náà, kó sì kọjú sí aláìsàn tó kàn. Rehn ní tirẹ̀ béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti èéfín tí wọ́n ń fà símú, ó sì di ẹ̀bi ru aniline tí wọ́n fi ń ṣe aró náà. Àwọn kan lè sọ pé ẹni mẹ́ta kéré jù láti fi dá ilé iṣẹ́ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àìsàn yìí kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Kí mẹ́ta nínú àwọn tó kéré báyẹn ní in, ìyẹn kì í ṣe èèṣì. Òótọ́ ni pé aniline gan-an kọ́ ni ọ̀daràn tó burú jù. Ní 1938, Wilhelm Hueper fi hàn lára ajá pé 2-naphthylamine, kẹ́míkà mìíràn nínú iṣẹ́ aró, ń fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Ilé tí olè wọ̀ ni Rehn tọ́ka sí. Yàrá ló ṣì.

Àtakò tó wúwo jù ni pé òwú mẹ́ta yẹn ló ṣí ọ̀nà iṣẹ́ abẹ ọkàn sílẹ̀. N kò jiyàn: nígbà tó fi máa di 1907, Rehn ti kó ìròyìn ẹni 124 tí wọ́n rán ọkàn fún jọ, nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló yè. Àmọ́ ẹni tí ọ̀bẹ ti bà ni òwú ń gbà là; ìkìlọ̀ 1895 lè gba ẹni tí àìsàn kò tíì kàn. Ohun tó ń dun ni níbẹ̀ ni pé wọn kò tètè gbọ́. Àjọ àwọn òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, tún kìlọ̀ nípa 2-naphthylamine ní 1921, síbẹ̀ 1949 ni àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣíwọ́ ṣíṣe é.