Àrùn Ọpọlọ àti Ètò Adójútòfò Ìlera

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ọ̀rọ̀ inú òwe yìí kò mọ sí ìtìjú nìkan. Ìnáwó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àrùn ọpọlọ kì í sábàá jẹ́ àìsàn ọjọ́ kan. Ẹni tí ó ń ṣe lè lo oògùn fún ọdún púpọ̀, àìsàn náà sì lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní àkókò gan-an tí ó nílò owó jù lọ.

Ìdí nìyí tí ètò adójútòfò ìlera fi ṣe pàtàkì. Ó fara jọ èsúsú, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Iye tí ènìyàn bá dá nínú èsúsú ni yóò kó. Nínú adójútòfò, gbogbo ènìyàn ni ó ń dá owó, ẹni tí àìsàn bá kọ lù ni a sì ń fi tọ́jú.

Ní Nàìjíríà, ọdún 2005 ni ètò ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé ilẹ̀ náà. Ó tún dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò lágbára, ó sì ka àwọn tí ó ní ìpèníjà ọpọlọ mọ́ wọn, pẹ̀lú àwọn aláboyún, àwọn arúgbó, àwọn ọmọdé tí kò tí ì pé ọdún 5 àti àwọn aláìní. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, a fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tí ó rọ́pò òfin wèrè tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní ọdún 1916.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ìwé òfin kì í dé ọwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀. Ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ni òṣìṣẹ́ ti ń gba tirẹ̀. Ẹni tí kò níṣẹ́ oṣù yóò lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlera ìpínlẹ̀ rẹ̀. Yóò yan ilé ìwòsàn kan. Dókítà ibẹ̀ ni yóò kọ ìwé tí yóò fi darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn ńlá, irú èyí tí ó wà ní Arò, ní Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954. Ẹni tí ó bá fo ìpele yìí, tí ọ̀ràn rẹ̀ kì í sì í ṣe pàjáwìrì, lè fi owó ara rẹ̀ san gbogbo rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹbí béèrè kí wọn tó dáwó: oògùn wo ni ètò náà kà kún? Ọjọ́ mélòó ni ó gbà kí aláìsàn lò lórí ibùsùn? Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú kò lè máa sáré ìwé kiri. Ẹbí ni yóò bá a sá a, nígbà tí ara ṣì le. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.